Àgọ́ Tó Fi Ọ̀pá Ìrìn Ṣe Òpó

Òṣùwọ̀n ẹnubodè kọ Ìbídùn. Iná pupa tàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohùn obìnrin kan tí kì í bínú, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, sọ̀rọ̀ láti inú irin: "Kílò mẹ́wàá àti ààbọ̀. Mẹ́wàá ni òfin wí."

"Tún un wọ̀n," ni Ìbídùn wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé, Màmá," ni Akínṣìkù dáhùn. Òun ni ó ń ṣọ́ ẹnubodè òkè, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó ti mọ Ìbídùn láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Láti ọjọ́ tí òkè ti ya bo ọjà Ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọn ò ti fẹ́ ẹrù wúwo lórí ẹ̀ mọ́. Mọ́tò ò gbọdọ̀ gùn ún, màlúù ò gbọdọ̀ gùn ún. Èèyàn nìkan ni, kílò mẹ́wàá. Ẹ yọ nǹkan kan."

Kí ni kó yọ? Omi kò ṣeé yọ. Oúnjẹ ọjọ́ méjì tó dì kò ju ẹ̀kúnwọ́ gààrí àti ẹ̀pà lọ. Àgọ́ rẹ̀, tapólì àtijọ́ tó ní òpó irin mẹ́rin, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gun òkè láìní àgọ́ ti bá òfin jà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ohun tó kù ni kúlà oògùn tó wà ní àyà rẹ̀, tí ọgọ́ta ìgò àjẹsára eéyi wà nínú rẹ̀. Eéyi ti pa ọmọ méjì ní Ayépé-Òkè lóṣù tó kọjá. Nítorí kúlà yìí ni òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ṣe ń lọ.

Arìnkè ni wọ́n ń pe Ìbídùn àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó ń fẹsẹ̀ gbé oògùn lọ sí àwọn ìlú tí ọ̀nà wọn ti wó. Ọgbọ̀n ni gbogbo wọn. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà nìyí.

"Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ẹ̀ wò, Ẹ̀gbọ́n," ni ohùn kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣọlápé ni. Ọdún méjì péré ló ti lò nínú iṣẹ́, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ti lékeléke. Ìbídùn ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà kó má baà bó gìgísẹ̀. Ó gorí òṣùwọ̀n. Iná aláwọ̀ ewé tàn.

"Kílò mẹ́fà àti díẹ̀."

Akínṣìkù súfèé. "Àgọ́ rẹ ńkọ́? O gbàgbé ẹ̀ sílé ni?"

"Òun rèé." Ṣọlápé fa nǹkan kan yọ lápò ẹ̀gbẹ́. Kò ju búrẹ́dì kékeré kan lọ. Ó jù ú sọ́wọ́ Akínṣìkù, ọkùnrin náà sì hán an bí ẹni tó hán ìyẹ́ ẹyẹ.

"Èyí ò ju ọ̀rá omi méjì lọ! Òpó ẹ̀ dà?"

Ṣọlápé gbé ọ̀pá ìrìn rẹ̀ méjèèjì sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo bá fi ń rìn náà ni màá fi kọ́lé."

Gbogbo àwọn tó wà ní ẹnubodè rẹ́rìn-ín. Ìbídùn nìkan ni kò rín. Ó ń wo ìdì kékeré yẹn lọ́wọ́ Akínṣìkù, ó sì dà bíi pé ẹnì kan ń fi èékánná họ ọ́ nínú. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi kọ̀wé sí ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àgọ́. Ó kọ ọ́ pé eegun ẹ̀yìn òun ń rojọ́. Ó kọ ọ́ pé irin mẹ́rin kì í ṣe ẹrù arìnkè. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹni tó jẹ́ pé àná ló dé ni wọ́n wá pè, tí wọ́n ní, gbà, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dán an wò.

"Ó yanjú," ni Akínṣìkù wí láìwo ojú rẹ̀. "Kí àbúrò gbé kúlà."

Ìbídùn tú kúlà kúrò láyà ara rẹ̀, ó gbé e fún Ṣọlápé. Bí okùn kúlà ti kan èjìká ọmọbìnrin náà, ẹ̀gbà òfin tó wà lọ́wọ́ Ìbídùn, tó ti ń tàn bí èso ọsàn láti ọdún mẹ́rìnlá, ṣú, ó di aláwọ̀ eérú. Ti Ṣọlápé ló wá ń tàn. Ẹni tó bá gbé kúlà ni olórí ìrìn, bí òfin wọn ti wí nìyẹn.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣọlápé wí ní ohùn kẹ́lẹ́. "Bí a bá dé orí òkè, màá gbé e padà fún yín."

"Ta ló ń bínú?"

Ẹ̀gbà eérú náà wá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: "Ìbídùn Adérìnọlá. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí àgọ́ tuntun. Níbi ìsinmi ọ̀sán, ẹ ó sọ ohun tí ojú yín kọ́kọ́ rí nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín ni ọ́fíìsì yóò fi mọ̀ bóyá kí wọ́n rà á fún gbogbo arìnkè tàbí kí wọ́n má rà á. Ẹ̀rí kì í padà sẹ́nu."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Òwúrọ̀ náà tutù díẹ̀. Ọ̀nà gba inú igi gbígbẹ, ó yọ sórí àpáta. Ṣọlápé ń lọ níwájú, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì ń ró ko, ko, ko, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé àna. Irin mẹ́rin tó wà lẹ́yìn Ìbídùn ń ró lọ́nà tiwọn: gbanran-gbanran, bí àpò alágbẹ̀dẹ. Kò gbọ́ ohùn yẹn rí láàárín ọdún mẹ́rìnlá. Lónìí, òun nìkan ló ń gbọ́.

Nígbà tí wọ́n jókòó mu omi, Ìbídùn ní, "Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

Ṣọlápé wo tapólì tó ti lẹ̀ káàkiri lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín láìní àrékérekè kankan nínú. "Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ́ àkísà gun òkè tó bá rí ọ̀nà míì?"

Àwàdà ni. Ìbídùn mọ̀ pé àwàdà ni. Síbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni tó gbé egungun ẹja mì, kò sì lọ sísàlẹ̀.

Nígbà tí agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbà méjèèjì dún lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti dé Ìdí-Ẹnu, pẹpẹ àpáta kan láàárín òkè méjì, níbi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ sí àfonífojì. Òfin Òjìji kò mọ olórí, kò mọ ọmọ ẹ̀yìn. Láti agogo méjìlá títí di mẹ́rin, ẹnikẹ́ni tí àṣá bá rí lábẹ́ oòrùn, ẹ̀gbà rẹ̀ yóò tì fún oṣù mẹ́ta: kò ní í rìn, kò ní í gba owó oṣù. Àṣá ni ẹ̀rọ dúdú tó ń yípo lójú ọ̀run. Kí wọ́n tó ṣe òfin yẹn, lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣa òkú àwọn tí oòrùn ọ̀sán sè lójú ọ̀nà.

Ìbídùn kó irin rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó ṣì ń ki ìkejì bọ ìkíní nígbà tó gbọ́ ṣiu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ẹyẹ ńlá na apá. Ó yíjú. Ṣọlápé ti tẹ́ aṣọ aláwọ̀ fàdákà kan sílẹ̀, ó ti gún èèkàn mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fa ọ̀pá ìrìn kan gùn dé ibi àmì tó wà lára rẹ̀, ó wọlé, ó fi orí ọ̀pá náà ti òrùlé sókè. Ó ti ìkejì. Ó fa okùn. Àgọ́ dìde dúró, ó gún régé, kò sí ìwúnjọ kankan lára rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà kò tíì ní í jẹ ogún hóró tán.

Ìbídùn ṣì di irin mú lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó kí agogo tó lù," ni Ṣọlápé pè. "Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó ti múra láti kórìíra rẹ̀. Ó ti ń ka àbùkù rẹ̀ lọ́kàn láti ẹnubodè: aṣọ náà fẹ́lẹ́ jù, ìpele kan péré ni, èémí ènìyàn yóò di ìrì lára rẹ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde lọ fa omi, kò ní ọ̀pá tí yóò fi rìn, nítorí ọ̀pá rẹ̀ ti di òpó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti jókòó sínú rẹ̀, ara rẹ̀ tú. Oòrùn tó ń jó lóde ń ta padà lára fàdákà. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ rọ̀ bí ti òwúrọ̀ kùtù. Orí rẹ̀ kò kan òrùlé. Nínú tapólì tirẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń tẹ orí ba bí ọ̀daràn. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán pátápátá. Kò rántí ìgbà tó na ẹsẹ̀ tán rí lórí òkè yìí. Ó fi ọwọ́ kan aṣọ náà, ó dán bí awọ ọmọ tuntun.

Ojú rẹ̀ gbóná. Ó fẹ́ sunkún. Ó fẹ́ fa aṣọ náà ya. Ì bá jẹ́ pé àgọ́ náà kò dára, ọkàn rẹ̀ ì bá balẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" Ṣọlápé ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ tó gbé ìwé ẹ̀kọ́ wálé.

"Ó dára bí ó ṣe mọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bi yín." Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ jáde, ó mi èèkàn kan wò. "Ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni mo máa ń rìn, ilẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀. Ibí jẹ́ àpáta, ilẹ̀ ò jìn. Ṣé èèkàn yìí á mú?"

Ìbídùn wo èèkàn náà. Kò wọlẹ̀ tó ìka méjì. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, bó ti mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ní Ìdí-Ẹnu, bí agogo méjì bá ti kọjá díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń rú sókè láti àfonífojì bí èéfín ẹnu ààrò. Wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé èèkàn níbẹ̀. Wọ́n máa ń so okùn mọ́ òkúta, wọn a sì tún to òkúta lé e. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Òkúta pọ̀ nílẹ̀ lọ bí ẹ̀wà.

Ó gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń sọ pé, "Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ṣe."

"Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣọlápé wí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìbídùn jáde, ó yára gbé tapólì tirẹ̀ dúró. Agogo lù. Ó wọ abẹ́ tapólì náà, tí òkúta mẹ́jọ wà nídìí okùn rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ká eékún rẹ̀ sókè. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí ọmọ náà fara pa. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn fẹ́ kí àgọ́ náà wólẹ̀ ni. Kó kàn wó díẹ̀, kí ọmọ náà sá wá sọ́dọ̀ òun, kí òun sọ pé, "Ó tán, wá jókòó." Lẹ́yìn ìyẹn, òun yóò sọ ẹ̀rí òun, òótọ́ pọ́nńbélé: àgọ́ náà wólẹ̀. Wọn yóò kó o dà sẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbà òun yóò tún máa tàn.

Ooru mú un, ó sì ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Ìgbà méjì ló gbé orí sókè láti pè é. Ìgbà méjì ló rántí ohùn Akínṣìkù: kí àbúrò gbé kúlà. Ó tún gbé orí sílẹ̀.

Agogo méjì kọjá díẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbọ́ afẹ́fẹ́ náà nísàlẹ̀, bíi kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tapólì lù gbà lórí rẹ̀. Ó gbọ́ bí èèkàn ti ń ta jáde lára àpáta lọ́kọ̀ọ̀kan, tín, tín. Ó wo ìta láti ihò tapólì. Àgọ́ fàdákà náà gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó kún bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fẹ́ fun fèrè, ó sì ṣí kúrò nílẹ̀. Ọ̀pá ìrìn kan bọ́, ó ń ta gbọ̀ngbọ̀n lọ sísàlẹ̀ àpáta. Ìkejì kọ́ mọ́ okùn kúlà. Àgọ́ wọ́ kúlà dání, kúlà dojú dé, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ìdérí rẹ̀ ṣí.

Ṣọlápé kò wo àgọ́. Kúlà ló lé. Ó sáré lórí àpáta tó gbóná bí agbada, láìwọ bàtà, ó ṣubú lé e. Àwọn ìgò kéékèèké ti fọ́n káàkiri. Ó ń fi ọwọ́ ṣa wọ́n, ó ń ké nígbàkigbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan àpáta, kò sì dẹ́kun. Nígbà tí kò lè ṣa mọ́, ó fi ara rẹ̀ bo kúlà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe òjìji fún un.

Àṣá ti ń yí bọ̀ lókè.

Oṣù mẹ́ta, ni ọkàn Ìbídùn wí. Bó o bá jáde, oṣù mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí aṣọ ẹnu-ọ̀nà. Kò pẹ́. Bóyá ó tó ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ka ení dé ẹ̀wá. Títí yóò fi kú ni yóò máa rántí pé òun ka iye yẹn.

Lẹ́yìn náà ló jáde. Oòrùn gbá a lórí bí igi. Ó sáré dé ibẹ̀, ó gbé ọmọ náà ní abíyá, ó fi ọwọ́ kejì gbá kúlà mú, ó wọ́ wọn wá. Ó tún padà lọ ṣa àwọn ìgò tó kù. Òjìji àṣá kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó tutù fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì dún: kàù. Ti Ṣọlápé náà dún nínú tapólì.

Àyè ẹnì kan ni tapólì náà. Wọ́n jókòó eékún sí eékún, kúlà wà láàárín wọn. Àtẹ́lẹwọ́ Ṣọlápé ti bó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìbídùn da omi tirẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ya ìborí ara rẹ̀, ó fi di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wo àmì róbótó tó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, èyí tó máa ń dúdú bí oògùn bá ti bàjẹ́.

"Méjìdínlógójì ló yè," ni ó wí níkẹyìn. "Méjìlélógún ti lọ. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ méjìlélógún. Wọ́n á ti tò sílẹ̀ dè wá." Ó ti àwọn ìgò tó dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi ni mo fà á. Mi ò gún èèkàn náà dáadáa. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e dé láìsí ìgò kan tó bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí Ìbídùn ti ń fẹ́ gbọ́ láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ó dé, ó sì korò bí ewúro.

Ẹ̀gbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "Ẹlẹ́rìí. Àkókò tó. Kí ni ojú yín kọ́kọ́ rí nípa àgọ́ tuntun?"

Ṣọlápé yíjú sí ìdí tapólì. "Ẹ sọ fún wọn pé ó wólẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni. Kò ní í dùn mí."

Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Àgọ́ wólẹ̀, oògùn bàjẹ́, ó tán. Ó rántí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n yòókù, àwọn tó ń gbé irin kiri lórí òkè mìíràn, tí ẹ̀yìn wọn ń rojọ́ bíi tirẹ̀. Ó wo ọmọ tó wà níwájú rẹ̀, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ ohun tí kò ṣe.

"Àgọ́ náà dára," ni Ìbídùn wí. "Ó fúyẹ́. Ó yá kọ́. Mo jókòó sínú ẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi tán. Ìrì á máa ṣẹ̀ nínú ẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ihò sókè ẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ́ ọ lórí àpáta, òkúta ni kí wọ́n so okùn ẹ̀ mọ́, kì í ṣe èèkàn. Kí ọ́fíìsì rà á fún gbogbo wa."

Ẹ̀gbà náà ń dúró. Ì bá lè parí síbẹ̀.

"Ó wólẹ̀ lónìí. Oògùn méjìlélógún bàjẹ́. Ẹni tó kọ́ ọ bi mí bóyá èèkàn yóò mú. Mo mọ̀ pé kò ní í mú. Mo mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ máa dé. Mi ò sọ fún un, torí pé ìlara rẹ̀ ń pa mí. Ẹ̀bi náà, tèmi ni."

"Ẹ̀rí ti wọlé," ni ohùn obìnrin náà wí, bó ṣe sọ̀rọ̀ lórí òṣùwọ̀n gẹ́lẹ́. "Kò ní í padà sẹ́nu."

Ìbídùn kò lè gbé ojú sókè. Eékún tó kan eékún rẹ̀ kúrò. Kò sí ibi tí Ṣọlápé lè sún sí, ṣùgbọ́n ó sún. Ó fún ara rẹ̀ mọ́ igun kan, títí irin fi ń gún un lẹ́yìn, ó sì gbà kó gún un.

Ó ní, "Mo bi yín."

"O bi mí."

"Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"O dúpẹ́," ni Ìbídùn wí.

Agogo mẹ́rin lù. Ẹ̀gbà wọn ti tì, ṣùgbọ́n òfin fàyè gba ẹni tó wà lójú ọ̀nà kó parí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ kó tó máa ka oṣù mẹ́ta rẹ̀. Ayépé-Òkè kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ìbídùn tú irin rẹ̀, ó di í. Ó yọ àgọ́ fàdákà tó kọ́ sí ẹ̀ka igi gbígbẹ kan, ó nù ún, ó ká a dáadáa, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà. Ó ní, "Jẹ́ kí n bá ọ gbé kúlà. Ọwọ́ rẹ ti bó."

Ṣọlápé fi apá kó okùn kúlà sọ́rùn, ó gbé e ká àyà, ó pọ́n ọn mọ́ra. Ó rọra tẹ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi àkísà dì nílẹ̀, ó wò ó bóyá yóò gbà. Ó gbà. Ìbídùn yà sẹ́yìn bó ti yẹ, kí olórí ìrìn lè kọjá.

Ọmọbìnrin náà kò kọjá. Ó dúró, ó fi ojú tí kò ní omijé nínú wò ó.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lọ níwájú. Níbi tí màá ti máa rí yín."